Ọjọ́ Kan Lórí Òkun, Láàárín Miami àti Cozumel



Àwọn tó ń ta ìrìn àjò ọkọ̀ ìgbafẹ́ máa ń ka ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá dúró ní èbúté kankan sọ́tọ̀. Ọjọ́ orí òkun ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ náà, kò sí ìlú tí a fẹ́ wò, kò sí ọjà tí a fẹ́ ná. Ènìyàn á jí nígbà tó bá wù ú, á jẹun, á na ara rẹ̀ sórí àga gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún ìwẹ̀, á tún jẹun. Ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ kì í ka ọjọ́ yìí sí, nítorí èbúté ni wọ́n ń lé. Lójú tèmi, ọjọ́ yìí gan-an ni ìrìn àjò náà fún olórìṣà.

Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ ilé wa máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà kí wọ́n tó wọkọ̀: "Bàbá, kí ni a lè jù sómi fún Yemọja?" Àwọn mìíràn kì í béèrè nǹkan kan. Wọ́n á kàn sọ ọ́ kí n lè gbọ́ pé kò yẹ kí olórìṣà máa ṣe fàájì lórí omi tó gbé àwọn baba ńlá wa mì. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni mo fẹ́ fèsì sí níbí, pẹ̀lú ohun tí mo rí nígbà tí èmi àti ìyá mi nínú òrìṣà jọ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ wà. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Cozumel ní Mẹ́síkò máa ń kúrò ní Miami ní ìrọ̀lẹ́. Lóru, á máa tọ àwọn erékùṣù Florida lọ títí á fi kọjá Key West. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, Kúbà ti wà lápá òsì yín, níbi tí ojú kò lè rí i. (Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí àwọn ènìyàn wa gba yàrá apá òsì nígbà àlọ.) Omi tí ẹ wà lórí rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Omi gbígbóná láti Kàríbíánì ń gba àárín Mẹ́síkò àti Kúbà wọlé, á yí po nínú Gọ́ọ̀fù Mẹ́síkò, á sì gba àárín Kúbà àti Florida jáde kí ó tó kọjú sí àríwá. Odò ni, àfi pé kò ní bèbè. Nílé, odò Ògùn ni ti Yemọja, Olókun ló ni òkun. Ní Kúbà àti ní Brazil, òkun ni a ti ń kí Yemọja. Mo mọ àwọn tó bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí wọn kò fi kí ara wọn mọ́. Kí wọ́n wá dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ níbí, kí wọ́n wo odò tó ń ṣàn nínú òkun.

Nígbà tí mo ń kọ́ Yorùbá láti inú ìwé, mo kọ òkun, okun àti okùn sórí páálí kan, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. Omi, agbára, ohun tí wọ́n fi de ènìyàn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lójú ọ̀nà yìí.

Ní Key West, ní etíkun Higgs, itẹ́ òkú kan wà. Ní ọdún 1860, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà mú ọkọ̀ ẹrú mẹ́ta tó ń lọ sí Kúbà: Wildfire, William àti Bogota. Ó lé ní 1,400 ènìyàn tí wọ́n kó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ouidah ni Bogota ti gbéra, èbúté tí wọ́n gbà kó ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa lọ. Láàárín oṣù díẹ̀, 295 nínú wọn ti kú, etíkun yẹn ni wọ́n sì sin wọ́n sí. Wọ́n kó àwọn tó kù lọ sí Liberia. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ máa ń kọjá lójú ibẹ̀ lóru, nígbà tí ijó ń lọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Síwájú díẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn, ibẹ̀ ni Henrietta Marie rì sí ní ọdún 1700, nígbà tó ti ta àwọn tó kó ní Jàmáíkà tán, tó ń padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1972 ni wọ́n rí àwókù rẹ̀. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, àwọn kan sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọwọ́ ọmọdé nìkan ló lè wọ̀ wọ́n. Ní 1993, àwọn òmùwẹ̀ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà gbé àmì ìrántí kan lọ sí ìsàlẹ̀ omi níbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.5 ènìyàn ni wọ́n kó wọ ọkọ̀ ní Áfíríkà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.7 ló sì gúnlẹ̀ láàyè. Omi yìí kò sì tíì ṣíwọ́. Ní 1980, nǹkan bíi 125,000 ará Kúbà gba èbúté Mariel jáde. Ní 1994, àwọn mìíràn wọ omi lórí táyà àti pákó tí wọ́n dè pọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú omi Amẹ́ríkà kó ohun tó lé ní 30,000 nínú wọn. Àwọn tí kò débì kankan kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ìyá mi wà lára àwọn ti 1980. Àbúrò wọn ọkùnrin wà lára àwọn ti 1994, kò sì dé.

Ìyá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè rìn nínú iyanrìn mọ́, nítorí náà etíkun ti di ìṣòro fún wọn. Ọkọ̀ ló rọrùn: lífítì wà, àga wà, òkun sì yí wa ká. Nígbà tí wọ́n kọjá lọ́jọ́sí, òru ni, wọ́n ń bì, wọ́n sì fi aṣọ bo ojú. Wọ́n sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, mo gba orí omi yẹn kọjá, n kò rí i." Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju pé kí àwọn dúró lórí omi náà lójú oòrùn, kí àwọn pe orúkọ àbúrò àwọn. Wọ́n ti di ẹrù fún un: òdòdó funfun, ẹyọ owó méje, ìgò oyin ìrèké kékeré kan.

Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí àpò náà má jáde nínú yàrá. Òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní MARPOL kò gba ọkọ̀ tàbí èrò inú rẹ̀ láyè láti da nǹkan sókun bó ṣe wù wọ́n, láti 2013 ló sì ti le sí i. Ike, ìgò, aṣọ, àbẹ́là, owó: rárá. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lè sọ ẹni tó bá ju nǹkan láti bákónì kalẹ̀ ní èbúté tó kàn. Atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà kò sì gbọ́ràn. Òdòdó tí ẹ jù láti àjà kẹwàá lè bá ẹnìkan nídìí kọfí rẹ̀ ní àjà kẹfà.

Àwọn kan á ní òrìṣà ti wà kí òfin tó dé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti ṣa ọ̀rá àti rìbọ́nì tí àwọn ènìyàn wa fi sílẹ̀ ní etíkun, mo sì mọ̀ pé ìjàpá òkun ń gbé ọ̀rá mì. Bí a bá lọ kí ènìyàn nílé rẹ̀, a kì í da pàǹtí sí i lẹ́nu ọ̀nà. Ní Rio Vermelho ní Salvador, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún Yemọja ní ọjọ́ kejì oṣù kejì, àwọn olórìṣà fúnra wọn ti ń rọ ara wọn pé ohun tó lè jẹrà nìkan ni kí wọ́n kó sínú agbọ̀n.

Omi tútù ṣẹ́ kù fún wa, ẹnu wa náà sì ṣẹ́ kù. Ní ọ̀sán gangan, ohùn ọ̀gá ọkọ̀ jáde látinú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó sọ ibi tí a dé, ó sọ bí atẹ́gùn ṣe rí, ó sì ní omi abẹ́ wa jìn ju 1,000 mítà lọ. Bí Ìyá ṣe gbọ́ èyí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àga wọn, wọ́n fi ìka kan ilẹ̀ ọkọ̀, wọ́n sì fi ẹnu kò ó. Ẹ̀yìn ọkọ̀ la wà, ibi tí èrò kò pọ̀ sí, nítorí pé gbogbo ayé ti lọ wo ìdíje kan ní adágún ìwẹ̀. Mo gba ife omi kan lọ́wọ́ ọmọ tó ń ta ọtí. Ó bi mí bóyá a fẹ́ yìnyín sí i.

Ìyá ta omi náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìbà. Wọ́n pe àwọn òkú ilé wọn ní Matanzas, láti orí ẹni tó gbé òrìṣà lé ẹni tó gbé òrìṣà lé wọn lórí, títí dé orí àwọn tí èmi náà mọ̀. Wọn kò kánjú. Ọkùnrin kan tó mú ife ọtí lọ́wọ́ ń kọjá lọ, ó dúró, ó ṣí fìlà, kò sì béèrè nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni Ìyá pe orúkọ àbúrò wọn, lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ohùn tí ènìyàn fi ń pe ọmọdé wálé jẹun. Wọ́n sì kí àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn. Mo wo aago: ó ti lé ní ogójì ìṣẹ́jú.

Ebi wá pa wọ́n. Ní ilé oúnjẹ, wọ́n ti gbẹ́ bàrà olómi ńlá kan bí ẹja, èso tí àwa ará ilé Kúbà máa ń gbé fún Yemọja. Ìyá bu àwo méjì, wọ́n gbé ọ̀kan síwájú ara wọn, èkejì sí ẹ̀bá fèrèsé. Nígbà tí ọmọ Indonéṣíà tó ń kó àwo dé, wọ́n bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe sí oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù. Ó ní ẹ̀rọ kan wà nísàlẹ̀ tó ń lọ̀ ọ́ kúnná, ọkọ̀ á sì tú u sókun nígbà tí ilẹ̀ bá jìnnà. Bẹ́ẹ̀ sì ni: ní agbègbè Kàríbíánì, òfin gbà á bí ó bá ti kúnná, tí ọkọ̀ sì ti ju máìlì òkun 12 lọ sí ilẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ìwọ sọ pé n kò gbọdọ̀ fún un ní nǹkan. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń gbé adímú lálaalẹ́!"

Mo ní, "Ìyá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀."

Wọ́n fa àwo ẹ̀bá fèrèsé mọ́ra, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i lábẹ́ ẹnu, wọ́n sì gbé e fún ọmọ náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ní ti àwọn tó ní kí a má ṣe fàájì níbẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn, n kò sì gbà á. Abẹ́ àjà ni wọ́n to àwọn ènìyàn wa sí lọ́jọ́ náà, wọn kò rí oòrùn. Pé arúgbó kan nínú ọmọ wọn jókòó sójú oòrùn lórí omi kan náà, tó ń jẹ bàrà, n kò rí ibi tó ti bí wọn nínú. Ohun tó máa ń dùn mí ni ti ọmọ tó ń kó àwo yẹn. Ọjọ́ ìsinmi wa kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó padà sílé. Ẹ mọ orúkọ wọn. Ẹ fún wọn lówó lọ́wọ́.

Nǹkan díẹ̀ sí i fún àwọn tó fẹ́ lọ. Ẹ fi ojúbọ sílé. Ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ funfun kan ti tó. Ẹni tó bá wà nínú ọdún ìyàwó rẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé òrìṣà lé e lórí kí ó tó sanwó. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan máa ń gbà kí a tú eérú òkú sókun bí a bá ti tọrọ àyè ṣáájú, nítorí náà ẹ kọ̀wé sí wọn dípò kí ẹ máa fi ara pamọ́. Àpò Ìyá bá wa padà délé. Owó àti oyin ìrèké wà níwájú Yemọja wọn báyìí.

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n fi sùn lórí àga, ojú wọn sí apá òsì. Aago márùn-ún kọjá kí wọ́n tó jí. Wọ́n bi mí bóyá a ti kọjá Kúbà. Mo ní ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n wo omi náà díẹ̀, wọ́n wá bàtà wọn, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sí ilé tẹ́tẹ́.