Bí A Ṣe Ń Béèrè Owó Ìrànwọ́ láti Kọ́ni ní Òkè-Òkun

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́, ìbáà ṣe ní Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó: ‘Yorùbá ni mo kọ́, ta ni yóò fi owó rán mi lọ sí òkè-òkun nítorí Yorùbá?’ Ọ̀rọ̀ náà jọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́.

D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí, ti kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, kí British Council tó fún un ní owó ìrànwọ́ tí ó fi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1946. Ó padà sílé ní 1948, ó sì tún kọ ìwé sí i. Iṣẹ́ ni ó ṣáájú. Ìrìn-àjò ni ó tẹ̀lé e.

Ní 1946 yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò Fulbright sílẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ tí a ń pè ní FLTA ti mú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olùkọ́ láti Nàìjíríà lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà ní Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò. Oṣù 9 ni wọ́n ń lò. Iṣẹ́ kíkọ́ni kì í ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀. Olùkọ́ náà yóò sì jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́ nínú kọ́ọ̀sì 2, ó kéré tán, ní sáà kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe oyè ni ó bá lọ; bí àkókò bá pé, yóò padà sílé.

Kí ni ó wá ń mú kí a yan ẹnì kan, kí a sì fi ẹlòmíràn sílẹ̀? Ọ̀pọ̀ rò pé gbígbọ́ Yorùbá ti tó. Kò tó. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. À ń sọ pé ‘mo lọ’, ṣùgbọ́n a kì í sọ pé ‘mo kò lọ’. ‘N kò lọ’ ni à ń wí. À ń sọ pé ‘ó lọ’. Bí a bá sẹ́ ẹ, ‘kò lọ’ ni, ‘ó’ a sì pòórá. Àwa tí a bí sínú èdè kì í bi ara wa léèrè ìdí rẹ̀. Àlejò tí ń kọ́ èdè yóò béèrè. Ẹni tí ó lè dá a lóhùn ni olùkọ́.

Nítorí náà, bí fọ́ọ̀mù bá béèrè ìdí tí ẹ fi fẹ́ lọ, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ràn àṣà Yorùbá, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ irú akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti kọ́, ohun tí ó rú wọn lójú, ọgbọ́n tí ẹ fi là á yé wọn, àti ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ yín yóò jèrè bí ẹ bá dé. Ẹni tí ó ti rí yín níbi tí ẹ ti ń kọ́ni ni kí ẹ bẹ̀ kí ó kọ ìwé ìjẹ́rìí fún yín, kì í ṣe olóyè ńlá tí kò mọ̀ yín.

Ìkìlọ̀ kan kù. A kì í sanwó kí a tó béèrè fún ètò Fulbright. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ta fọ́ọ̀mù rẹ̀ fún yín, èrú ni ó ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Nàìjíríà ni kí ẹ ti wádìí ìlànà ti ọdún tí ẹ wà, nítorí pé ìlànà a máa yí padà.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti inú kíláàsì tí ẹ wà lónìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ó dìgbà kan ná.