Ẹ Yí Kọ́là Náà Padà

Ní Missèbo, ní Kútọnu, ẹ̀wù àlòkù láti Yúróòpù pọ̀ bí ewé, ṣùgbọ́n èyí tí kọ́là rẹ̀ ti jẹ kì í yá tà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, owó ni ẹ ń fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fọ ẹ̀wù náà, ẹ tú ojú rírán kọ́là, ẹ yí i padà, ẹ tún un rán: ẹ̀yìn tí kò gbó ni yóò bọ́ síta. Ihò ló le díẹ̀. Ẹ fi àbùlẹ̀ tì í lábẹ́ kí ẹ tó fi òwú aláwọ̀ ṣe ọnà lé e. Láìsí àbùlẹ̀, òwú yóò tún fà á ya ni.

Ẹni tó bá sì ń tijú àlòkù, kí ó wo Amah Ayivi, ọmọ Tógò: ọjà Hédzranawoé ní Lomé ló ti ń ṣa tirẹ̀, Paris ló sì ń tà á sí.