Ẹ Tún Eegun Ọkọ̀ Ṣe Kí Ẹ Tó Fi Agbára Kún Sítíárìn Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Òkè Ọya ṣe ilé, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wa ọkọ̀ gba ojú ọ̀nà tí kò dára, àti ti àwọn mẹkáníìkì wa tó ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe, la fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tó bá ti kó ẹrù lọ sí àwọn abúlé orí òkè Mambilla nígbà òjò, tàbí tó ti gba Serti wọ igbó ọba Gashaka-Gumti, kò ní béèrè ìdí tí àwọn èèyàn fi ń gbé Land Cruiser àtijọ́ àti Land Rover sókè, tí wọ́n sì ń fi táyà ràgàjì sí i.

Àmọ́ bí táyà bá ti tóbi tán, wàhálà mìíràn dé nìyẹn. Sítíárìn á le. Táyà tó ga tó 35 íǹṣì, tí wọ́n dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù, tó tún há sáàárín àpáta méjì, kì í ṣe ohun tí apá dírẹ́bà lè yí wẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ fún onímọ́tò pé, "Ẹ jẹ́ ká fi sílíńdà olóróró sí i, ìka kan lẹ máa fi yí i." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí èèyàn wà nínú apá kejì òótọ́ náà tí wọn kì í sọ.

Pawa sítíárìn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Lọ́dún 1926 ni onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà kan, Francis W. Davis, fi ọkọ̀ tó ń lo agbára òróró láti yí táyà hàn. Ọdún 1951 ni Chrysler tó gbé e sínú Imperial tí wọ́n ń tà fún ará ìlú. Pọ́ǹpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń ti òróró wọ inú àpótí sítíárìn, òróró náà á ti písítìnì inú àpótí, ọwọ́ dírẹ́bà á sì fúyẹ́.

Iṣẹ́ tí à ń sọ yìí kàn fi ìgbésẹ̀ kan kún un ni. Wọ́n á lu ihò méjì sára àpótí sítíárìn, ọ̀kan ní apá kọ̀ọ̀kan písítìnì. Wọ́n á fi họ́ọ̀sì gbé òróró láti ibẹ̀ lọ sínú sílíńdà kan tó wà níta. Orí kan sílíńdà yìí á wà lára axle iwájú, orí kejì á wà lára tie rod, ìyẹn irin gbọọrọ tó so táyà méjèèjì pọ̀. Bí dírẹ́bà bá ti yí ọwọ́, àpótí á fà, sílíńdà á bá a tì í.

Ẹ má ṣe fi èyí pe irú èyí tí wọ́n fi ń díje lórí àpáta, níbi tí wọ́n ti yọ irin tó so sítíárìn mọ́ táyà kúrò pátápátá, tó fi jẹ́ pé òróró nìkan ló kù. Nínú tiwa yìí, irin náà wà níbẹ̀. Bí họ́ọ̀sì bá bẹ́ lójijì, sítíárìn á le gan-an, àmọ́ ẹ ṣì lè darí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ yọ irin yẹn kúrò lára ọkọ̀ tó ń kó èèyàn, ẹ sá fún un.

Ọkọ̀ tí iṣẹ́ yìí bá lára mu ni èyí tó ní àpótí sítíárìn àti axle iwájú kan ṣoṣo, irú bíi Land Cruiser 70 tó jáde lọ́dún 1984. Hilux tó jáde láti ọdún 2005 kò sí lára wọn, nítorí ọ̀nà mìíràn ni sítíárìn tirẹ̀ gbà ń ṣiṣẹ́.

Wàyí o, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Sítíárìn tó ń mì, tó ń fa ọkọ̀ síbí sọ́hùn-ún, kì í ṣe agbára ló ń wá. Eegun rẹ̀ ló ti jẹ. Bí ẹ bá wá fi sílíńdà sí i, ohun tó ti fẹ́ já á tètè já ni. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn oríkèé tie rod, bíárìn táyà àti bóòtù àpótí sítíárìn. Èyí tó bá ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tie rod tó wá pẹ̀lú ọkọ̀ kò nípọn tó fún agbára tuntun yìí, ẹ wá èyí tó nípọn jù ú lọ. Ẹ yẹ ara ṣásí wò níbi tí àpótí sítíárìn dè mọ́, torí ibẹ̀ ló máa ń sán. Irin pẹlẹbẹ ni kí wẹ́dà fi ki í láyà kí sílíńdà tó dé rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Sílíńdà tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì kan àtààbọ̀, tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, bí òróró bá fi 1,000 psi tì í, á ti nǹkan pẹ̀lú agbára bíi 800 kílò, á sì fà á pẹ̀lú bíi 600. Ọ̀pá inú rẹ̀ ló gba àyè lápá kan, ìyẹn ni fífà kò fi tó títì. Ẹ wá ronú irin tó ti jẹ, tí 800 kílò ń tì nígbà gbogbo.

Ìdí nìyẹn tí bóòtù ìdádúró lára axle fi ṣe pàtàkì. Táyà gbọ́dọ̀ kan bóòtù yìí kí sílíńdà tó dé òpin ìrìn rẹ̀ àti kí àpótí sítíárìn tó dé òpin tirẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sílíńdà á fọ́ ara rẹ̀ tàbí kó tẹ tie rod. Ẹ jẹ́ kó dọ́gba pẹ̀lú tie rod bó bá ti ṣeé ṣe tó, kí họ́ọ̀sì má sì kan táyà tàbí èéfín.

Ẹ má ṣe lu ihò sára àpótí sítíárìn láì tú u palẹ̀. Èérún irin tó bá wọ inú òróró á pa pọ́ǹpù. Bí ẹ bá tò ó tán, ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yí sítíárìn lọ bọ̀ ní nǹkan bí ogún ìgbà, kí ẹ máa bu òróró kún un títí afẹ́fẹ́ á fi jáde. Òróró tó ń hó ìfòfò ṣì ní afẹ́fẹ́ nínú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Bí sítíárìn bá ń bá ara rẹ̀ jà, họ́ọ̀sì méjèèjì ti gbapò ara wọn nìyẹn. Òróró búréèkì kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, á ba àwọn rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Iṣẹ́ ti pọ̀ sí i fún òróró, á máa gbóná, ẹ fi rédíétọ̀ kékeré tù ú.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́: bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n má ṣe fi ìka wá ibi tó ń jò. Òróró tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára bẹ́ẹ̀ lè gún awọ ara wọlé, ilé ìwòsàn sì ni ọ̀rọ̀ náà á parí sí. Páálí ni kí wọ́n fi wá a.

Kí ẹ tó fà á lé onímọ́tò lọ́wọ́, ẹ wà á lórí pápá gbalasa. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì níbi tí ọkọ̀ ti ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì ṣeé yí. Kí òun náà mọ bí yóò ṣe rí bí òróró bá tán lójijì.

Oníbàárà á ní owó náà ti pọ̀ jù, á ní kí ẹ fi sílíńdà sí i, kí ẹ fi irin àtijọ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe gbà. Bí ó bá fẹ́ dín owó kù, kó ṣe eegun lónìí, kó sì ra sílíńdà bó bá tún rówó. Èèyàn mẹ́wàá lè wà nínú ọkọ̀ yẹn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Nílùú tí a ti jẹ́ àlejò, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni ìwé ẹ̀rí ẹni. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Eegun ọkọ̀ ni kí ẹ wò kí ẹ tó fún apá rẹ̀ lágbára.