Fítámì Inú Ọkọ̀: Kí Ẹ Tó Gbé E Mì

Lóṣù tó kọjá, màmá mi ra ìgò fítámì kan nínú ọkọ̀ bọ̀ láti ọjà fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n lóyún oṣù méjì. Ẹni tó tà á fún wọn ní tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti lò ó, ìtọ̀ wọn á pọ́n bí omi ọsàn, ìyẹn ni wọ́n á fi mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ìtọ̀ tó pọ́n kì í ṣe ẹ̀rí rárá. Fítámì B2 ló ní àwọ̀ yẹn, èyí tí ara kò lò ló ń dà jáde. Owó ẹni lèèyàn ń tọ̀ dànù yẹn o!

Mo gba ìgò náà wò. Nọ́mbà NAFDAC wà lára rẹ̀, ìyẹn ló sì fi màmá mi lọ́kàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò lè tẹ nọ́mbà sára ìgò? NAFDAC ní àkójọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Greenbook, orúkọ àwọn oògùn tí wọ́n ti fọwọ́ sí ló wà níbẹ̀. Mo fi fóònù ẹ̀gbọ́n mi tẹ nọ́mbà yẹn sí i. Oògùn ikọ́ ló gbé jáde! Torí náà, ẹ wò ó bóyá orúkọ ara ìgò àti ti inú Greenbook bára mu. Ti ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́, gbogbo wa la ti mọ ìyẹn.

Èyí tí a kì í wò ni ìwọ̀n. Wọ́n kọ ọ́ pé fítámì A tó wà nínú hóró kan jẹ́ 25,000 IU. Màmá mi ní, "Ṣé kì í ṣe pé ó lágbára ni?" Rárá o. Àwọn onímọ̀ ní kí aboyún má lò ju 10,000 IU lọ lójúmọ́ nínú irú fítámì A tí wọ́n ń pè ní retinol. Tí fítámì C bá pọ̀ jù, ìtọ̀ á gbé e lọ, ṣùgbọ́n inú ẹ̀dọ̀ ni A ń kó jọ sí, ó sì lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. (Ẹ má torí ìyẹn sá fún epo pupa! Èyí tó wà nínú epo kò tíì di fítámì A, ara fúnra rẹ̀ ló ń yí ìwọ̀nba tó fẹ́ padà.)

Ojúlówó náà lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹ wo fítámì C tí wọ́n ń kà sínú ọ̀rá: ooru, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ń jẹ ẹ́, àbàwọ́n á sì yọ lára rẹ̀. Ní láàbù wa, a po sítáàṣì mọ́ áyódíìnì, ó dúdú bí aró. Fítámì C máa ń pa àwọ̀ yẹn rẹ́. A fi omi tó dọ́gba yọ́ hóró tuntun kan àti èyí tó lábàwọ́n kan. Ti tuntun tètè pa á rẹ́. Ti èkejì, a kán an títí!

Ẹ̀gbọ́n mi ti lo hóró mẹ́ta kí n tó rí ìgò náà. Wọ́n gbé e lọ síbi ìtọ́jú aboyún, nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ wọn, ó fún wọn ní folic acid, ó sì ní kí wọ́n máa wá fún àyẹ̀wò déédéé. Láti ọjọ́ náà, màmá mi kì í lo oògùn kankan kí n tó ka ara páálí rẹ̀ fún wọn.