Nígbà tí Ẹ̀ṣọ́ Bá Dojú Ìjà Kọ Onílé

Bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Òwe yìí bá àrùn ìfun tí à ń pè ní Crohn mu rẹ́gí. Ẹ̀ṣọ́ ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí ń lé kòkòrò àrùn. Ṣùgbọ́n lára àwọn ẹlòmíràn, ìfun onílé gan-an ni ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí ń bá jà. Wọn a máa ránṣẹ́ sí ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ wọn ni TNF, èyí tí àwọn onímọ̀ ní New York fún lórúkọ ní ọdún 1975. Bí ó bá ti kígbe ogun, ìfun a wú, a sì dá egbò.

Ní ọdún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí infliximab, oògùn tí ń dá ìránṣẹ́ yìí dúró lọ́nà. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ó ń ràn lọ́wọ́. A sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ara wọn wò, nítorí ikọ́ ife tí ó ti sùn lè jí bí ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ bá rọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ ilé-ìwé bá ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí ó sì ń rù, ẹ má ṣe pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí lásán. Ẹ mú un tọ dókítà lọ. Kí ìjọba náà pèsè ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú ìfun, kí oògùn má sì jẹ́ ti olówó nìkan. Àrùn kò mọ tálákà yàtọ̀ sí ọlọ́rọ̀.