Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Eyín Ọmọdé



Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rántí pé bí eyín wa bá yọ ní kékeré, wọ́n á ní ká jù ú sórí òrùlé, kí aláǹgbá má rí i, kí òmíràn lè hù. Kí ọmọ yín tó ju tirẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò. Ẹ ó rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò kán sínú o. Bí eyín àgbà ṣe ń gòkè bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni gbòǹgbò náà ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, títí eyín fi mì tó sì yọ. Àyè eyín àgbà ni eyín ọmọdé ń dì mú. Ẹni tó bá ní “yóò kúkú yọ” kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Mélòó ni?

Eyín ọmọdé jẹ́ 20: 10 lókè, 10 nísàlẹ̀. Bí ẹ bá kà á láti àárín iwájú lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, 5 ni ẹ ó bá:

• Eyín iwájú 2: ó rí pẹlẹbẹ, ẹnu rẹ̀ mú, òun la fi ń gé oúnjẹ.
• Eyín ṣóńṣó 1: òun la fi ń fa ẹran ya.
• Eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ 2: orí rẹ̀ fẹ̀, ó ní gegele àti kòtò, òun la fi ń lọ oúnjẹ.

Méjì iwájú ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ hù, láàárín oṣù 6 sí 10. Bí tòkè bá ṣáájú, kì í ṣe àmì ibi. Eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ máa ń hù ṣáájú eyín ṣóńṣó, nítorí náà kí àlàfo tó wà níbẹ̀ má dẹ́rù bà yín. Ní nǹkan bí ọdún 3, gbogbo rẹ̀ á ti pé.

Báwo ló ṣe yàtọ̀ sí eyín àgbà?

Èèpo líle tó bò ó fẹ́lẹ́, nǹkan bí ìdajì ti àgbà. Ihò inú rẹ̀, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára wà, sì tóbi, ó súnmọ́ òde. Ìdí nìyí tí kòkòrò eyín fi ń tètè wọlé dé ibi ìrora.

Ọrùn rẹ̀ fún, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yọ gẹ̀ǹgẹ̀ lókè ọrùn náà. Ẹ̀bá ẹran ìdí eyín yìí ni ìdọ̀tí ń sá sí.

Gbòǹgbò mẹ́ta ni eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè ní, méjì ni tìsàlẹ̀. Tòkè ya síra bí ààrò mẹ́ta. Àárín wọn ni eyín àgbà ti ń dàgbà.

Àlàfo àárín eyín iwájú dára, nítorí eyín àgbà tó ń bọ̀ fẹ̀ jù ú lọ. Eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní tiwọn fara ti ara wọn, oúnjẹ sì máa ń há síbẹ̀.

Eyín tí òbí máa ń ṣì mọ̀

Ní nǹkan bí ọdún 6, eyín ńlá kan á hù lẹ́yìn gbogbo eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́, láìjẹ́ pé eyín kankan yọ níbẹ̀. Ó jọ eyín ọmọdé tó wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n eyín àgbà ni. Bí ó bá bàjẹ́, òmíràn kò ní í hù.

Ohun tí ẹ ó máa ṣe

• Láti ìgbà tí eyín àkọ́kọ́ bá ti hù, ẹ máa fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride ni kí ẹ lò: ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan títí ọmọ yóò fi pé ọdún 3, lẹ́yìn náà ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan.
• Ẹ má jẹ́ kó fi ìgò ohun dídùn sẹ́nu sùn.
• Ẹ má sáré yọ eyín tó ń dùn ún. Bí ó bá kúrò ṣáájú àkókò, àwọn aládùúgbò rẹ̀ á tẹ̀ sí àyè náà, eyín àgbà á sì hù wọ́. Ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.

Lálẹ́ òní, ẹ gbé ètè òkè ọmọ yín sókè níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ẹ bá rí ilà funfun tí kò dán, tó rí bí ẹfun, lẹ́bàá ẹran ìdí eyín, ìbẹ̀rẹ̀ ìdíbàjẹ́ ni. Ẹ má dúró dìgbà tó bá dihò: bí ẹ bá tètè gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, a ṣì lè dá a dúró.