Bóòtù Kan tí Ó Kọ̀ tí Kò Ṣí

Nígbà tí àwọn ìyá wa ń wọ ọkọ̀ Peugeot 504 láti Òkìtìpupa lọ sí Orè, kò sí ẹni tí ó ń da ara rẹ̀ láàmú nípa bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì. Ṣéènì irin ni ó wà nínú ẹ́ńjìnnì 504, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975. Ti Volkswagen oníjàpá, irin eléyín ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1962 ni ilé-iṣẹ́ Glas ní Jámánì ti fi bẹ́líìtì rọ́bà eléyín sí ọkọ̀ tí wọ́n ń tà fún gbogbo ènìyàn, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Lónìí, nínú àwọn tòkunbọ̀ tí ẹ̀yin ìyàwó ilé fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé, tí ẹ sì fi ń kó púpurú àti epo pupa lọ sí ọjà, kì í ṣe díẹ̀ ni bẹ́líìtì yìí wà nínú wọn.

Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò ṣòro láti yé ẹni tí ó bá ti gún iyán rí. Bí obìnrin méjì bá jọ ń gún iyán nínú odó kan, bí ọmọ odó ti èyí bá ń gòkè ni ti èkejì ń sọ̀. Bí ọ̀kan bá ṣi ìwọ̀n pẹ́rẹ́, ọmọ odó á kọlu ara wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni písítìnì àti fáàfù ṣe ń fún ara wọn láyè nínú ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì yìí ni kì í jẹ́ kí wọ́n ṣìnà. Bí ó bá já nínú Honda Accord ti ọdún 1998 sí 2002, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Baby Boy, písítìnì yóò gbá fáàfù, fáàfù yóò wọ́, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú síbẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti rin 105,000 máìlì, èyíinì ni nǹkan bí 168,000 kìlómítà, tàbí bí ọdún 7 bá pé, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ sì rántí pé tòkunbọ̀ ti lo ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ó tó gun orí omi wá.

Ọkọ̀ tèmi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi wà á láì béèrè ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì, títí ọkọ ọ̀rẹ́ mi kan fi há sí ojú ọ̀nà Orè lálẹ́ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ ọwọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti kó àwọn ọmọ sẹ́yìn ọkọ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo kó àjọ, mo ra fáńfù omi àti bẹ́líìtì méjì (ẹ́ńjìnnì yìí ní kékeré kan tí ó ń bá ńlá rìn; ẹ má ṣe jẹ́ kí a ta ẹyọ kan fún yín), mo sì gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì kan ní Òkìtìpupa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Mo mú àpótí ìjókòó mi dání. Mo ti pinnu pé n kò ní í kúrò níbẹ̀.

Wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n tú táyà iwájú ní ọwọ́ òsì, wọ́n sì kan bóòtù tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ó wà láàárín púlì, irin róbótó tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó dè é mọ́ ọ̀pá ńlá tí ń yí nísàlẹ̀. Bí púlì kò bá kúrò, ìdérí bẹ́líìtì kò lè kúrò. Ọmọkùnrin tí ń kọ́ṣẹ́ fi sípánà sí i, ó tẹ̀ ẹ́, ó tilẹ̀ gùn ún. Bóòtù kò mì. Ọ̀gá rẹ̀ bọ́ sí i, òun náà làágùn. Nígbà tí ó yá, ó nu ọwọ́, ó ní, “Màdáámù, bẹ́líìtì inú yìí ṣì lágbára. Ẹ jẹ́ kí a dé e padà, kí ẹ gbé tuntun yẹn pamọ́.”

Mo bi í pé, “Ọ̀gá, níbo ni ẹ ti rí i?”

Kò fèsì.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn obìnrin jẹ. Abẹ́ ìdérí ni bẹ́líìtì wà; ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ sílẹ̀ tí ó lọ ná ọjà, tí ó padà wá bá a ní dídé, kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ pé ti àtijọ́ ni ó ṣì wà níbẹ̀. N kò sọ pé olè ni ọkùnrin náà. Bóòtù ni ó ṣẹ́gun rẹ̀, ojú sì ń tì í.

Ó sì yẹ kí a ṣàánú rẹ̀ díẹ̀. Agbára tí wọ́n ní kí a fi de bóòtù yìí jẹ́ 245 Newton-mítà. Bí ẹ bá so àpò sìmẹ́ǹtì kan tí ó wọn kílò 50 mọ́ orí ọ̀pá tí ó gùn ní ìdajì mítà, agbára náà nìyẹn. Ìgbà tí ó wà ní tuntun ni mo sì ń wí. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún nínú ooru ẹ́ńjìnnì àti ọ̀rinrin ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa, ìpáàrà a máa lẹ̀ wọ́n pọ̀, ohun tí yóò sì ṣí i a pọ̀ ju ohun tí ó dè é lọ.

Ọ̀gá náà gbìyànjú ọgbọ́n mìíràn. Ó ní kí ọmọ náà fi ọ̀pá gígùn kọ́ bóòtù kí ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀pá ti ilẹ̀, kí òun yí kọ́kọ́rọ́, kí sítátà ta ẹ́ńjìnnì, kí bóòtù tú fúnra rẹ̀. Bàbá kan tí ń tún ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ṣe ní òdìkejì títì ni ó pariwo pé, “Ẹ dúró!” Ó bi ọ̀gá bí ó bá mọ ìhà tí ẹ́ńjìnnì yìí ń yí sí. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ń yí bí ọwọ́ aago, sítátà sì lè tú bóòtù wọn, bí ewu rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́rin ti Honda yìí ń yí lódì sí ọwọ́ aago. Ṣe ni sítátà ì bá túbọ̀ de bóòtù náà pinpin, ọ̀pá ì bá sì ta gbá ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọkùnrin náà ti di ọ̀pá mú nígbà yẹn. N kò tí ì gbàgbé bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹnì kan ní kí a pe wẹ́dà. Bàbá kọ̀, ó ní iná yóò jó rọ́bà tí ó dí ọ́ìlì mọ́ ẹ̀yìn púlì. Wọ́n mú òòlù àti ṣísù wá; ó kọ ìyẹn náà, nítorí pé yóò jẹ igun bóòtù tán. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ìyàwó wa, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú, kì í bàjẹ́.”

Púlì Honda yìí ní ihò onígun mẹ́fà láàárín tí ó fẹ̀ ní mílímítà 50. Irin kan wà tí wọ́n ṣe fún ihò náà, tí yóò wọ̀ ọ́ ṣinṣin, tí kò ní í jẹ́ kí púlì yí. Bàbá rán ọmọ kan lọ yá a wá. Ó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà bọ bóòtù, kì í ṣe onígun méjìlá tí ó máa ń yọ̀. Ó yọ wáyà bátìrì, ó sì rí i dájú pé orí irin ìdúró ni ọkọ̀ jókòó lé, kì í ṣe orí jáàkì nìkan. Lẹ́yìn náà ni ó ti páìpù omi bọ ẹnu ọ̀pá náà, tí gbogbo rẹ̀ wá gùn tó mítà kan ààbọ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì kan náà, bí ó bá wà ní orí ọ̀pá tí ó gùn ní ìlọ́po mẹ́ta, agbára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta. Ó lé àwọn ọmọdé jìnnà. Kò fò lé páìpù náà, kò sì gbá a. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Páìpù tẹ̀ bí ọrún. A gbọ́ “kàù!” bí ìró ìbọn. Mo rò pé nǹkan ti ṣẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín. Bóòtù ti ṣí.

Mo gba bẹ́líìtì tí ó “ṣì lágbára” náà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ máa gba èyí tí wọ́n bá yọ. Ọ́ìlì ti mu ún yó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti là wẹ́wẹ́ bí gìgísẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ kọ̀rọ̀dọ̀, eyín kan sì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Wọ́n fi tuntun sí i, wọ́n sì fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì ní ìgbà mélòó kan láti rí i pé àmì bá àmì mu kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Dídè bóòtù padà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúdá: bí kò bá le tó, púlì yóò máa mì títí yóò fi jẹ orí ọ̀pá ńlá náà. Bàbá ní sípánà tí ń wọn agbára, ó dè é dé 245, ó dúró.

Ní ọjọ́ kejì, mo fi púpurú àti ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀. Bẹ́líìtì àtijọ́ náà wà ní ibi tí mo ń kó ìwé ọkọ̀ sí, pẹ̀lú bébà pélébé kan tí mo kọ ọjọ́ náà àti iye máìlì sí.